Ìyàwó Tó Ṣírò Bí Òun Ṣe Lè Pẹ́

Ní Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà ọdún 2025, wọ́n so tọkọtaya kan pọ̀ ní ọ́fíìsì ìgbéyàwó lẹ́yìn agogo méjìlá ọ̀sán, nígbà tó yẹ kí ilẹ̀kùn ti wà ní títì. Akọ̀wé méjì jẹ́rìí sí i fún mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹnjiníà ni ìyàwó náà. Ó ń ṣírò bí ẹ̀rọ omi ìlú ṣe lè dákẹ́, Oníṣirò sì ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Igi tó dorí kodò ló máa ń yà: á kọ aburú tó ń bẹ̀rù sókè, á wá ya ohun tó lè fà á bí ẹ̀ka sísàlẹ̀. Bí ẹ̀ka kan ṣoṣo bá tó dá wàhálà sílẹ̀, á ro iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè ṣẹlẹ̀ pọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ka méjì ló gbọ́dọ̀ bàjẹ́ pa pọ̀, á sọ ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú èkejì. Ó tún máa ń ro bí àtúnṣe ṣe máa pẹ́ tó, torí ẹ̀rọ tó bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan tó sì dùbúlẹ̀ fún oṣù kan burú ju èyí tó ń dákẹ́ lójoojúmọ́, tí wọ́n kàn ń gbá létí kó tó dìde.

Àfẹ́sọ́nà rẹ̀, alásè inú ọkọ̀ òkun, fẹ́ wọkọ̀ lọ lọ́jọ́ kejì ìgbéyàwó, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó padà. Oníṣirò bá ya igi tiẹ̀. “Ìyàwó ò dé” ló kọ sókè. Mọ́tò bùọ̀dá rẹ̀ lè kọ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́wàá, ti ìyá rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Kí méjèèjì kọ̀ pa pọ̀? Ẹ̀ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún.

“Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀.”

“Ọkàn mi balẹ̀. Ìwọ lọ wẹ̀.”

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mọ́tò méjèèjì dáhùn lójú ẹsẹ̀. Géètì ilé ni kò dáhùn. Ó yẹ̀ kúrò lórí irin tó ń gbà kọjá, ó sì há pátápátá. Mọ́tò méjì, géètì kan.

Oníṣirò rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Òun tó ń bá àwọn ará ibi iṣẹ́ jà lójoojúmọ́ pé kí wọ́n má so ẹ̀rọ méjì mọ́ wáyà kan, kí wọ́n wá máa ṣírò wọn bí ẹni pé wọn ò mọra!

“Ẹ̀rín lo ń rín?” bùọ̀dá rẹ̀ pariwo. “Dìde, jàre!”

Bùọ̀dá sọ fún mi pé ńṣe ni ìyàwó fo géètì. Mi ò gbà á gbọ́. Aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Ìyá ní àkàbà ni wọ́n gbé, pé òun alára lòun ti ìdí ìyàwó láti ìsàlẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó búrẹ́dì àti ìyẹ̀fun ló gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín páálí, tí wọ́n ń kígbe “Yà! Yà!” títí dé ọ́fíìsì.

Akọ̀wé kan ti fi kọ́kọ́rọ́ sí ilẹ̀kùn nígbà tí wọ́n já wọlé, tìyẹ̀fun-tìyẹ̀fun. Gbogbo àga ló ṣófo.

“Ẹ káàbọ̀,” akọ̀wé ní. “Ọkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ takisí lọ sílé yín ni, ó lóun fẹ́ lọ gbé ìyàwó. Ṣé ẹ fi ẹnì kankan sílé?”