Òkèlè Tí Mo Gbé fún Bàbá Ọkọ Mi

Gbogbo ará Ìpáò ló gbà pé èmi ni mo gba bàbá ọkọ mi lọ́wọ́ ikú, n kò sì já wọn nírọ́. Irọ́ kọ́ náà ni. Àmọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n mọ̀, mo sì fi àbọ̀ yẹn gbayì fún oṣù méjì gbáko.

Ó kù díẹ̀ kí ọdún 2000 wọlé. Mo ń ṣe tíṣà ní Ìkọ̀lé, ìyàwó tuntun ni mí, ẹnu mi sì mú láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi. Iwájú àwọn àna mi nìkan ni mo ti máa ń ṣe bí ẹni tí kò lè pa eṣinṣin. Wọ́n ti kọ́ mi nílé wa pé ìyàwó tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í bá bàbá ọkọ jókòó sórí àga kan náà, ká má tíì sọ pé kó dì mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí iṣu tuntun ti jáde, àwọn ẹbí pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá lẹ́yìn ìsìn. Èmi ni mo gúnyán, èmi ni mo se ọbẹ̀. Mo kó ṣàkì ńláńlá sínú àwo Bàbá kí wọ́n lè rí i pé mo lawọ́. N kò ro ti eyín tó ti yọ lẹ́nu wọn.

Bàbá ń fi àbúrò wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀rín dédé dá. Wọ́n dìde, wọ́n di ọ̀fun mú. Ẹnu wọn là sílẹ̀, ohùn kò jáde, ikọ́ pàápàá kò jáde.

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, nọ́ọ̀sì kan ti fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ wa. Ẹni tó bá ṣì ń wúkọ́, ẹ jẹ́ kó máa wú u lọ. Ẹni tí kò lè wúkọ́, tí kò lè sọ̀rọ̀, ẹ sáré sí i. Ẹ tẹ orí rẹ̀ síwájú, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́yìn láàárín èjìká méjèèjì lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá jáde, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi apá yí i ká, ẹ di ẹ̀ṣẹ́ sí òkè ìdodo, ẹ fi ọwọ́ kejì bò ó, kí ẹ sì fà á sínú àti sókè kíákíá. Èmi ni mo gba máàkì tó ga jù nínú kíláàsì.

"Ẹ gbójú wọn sókè!" Àbúrò Bàbá ló ń pariwo, ó ń gbá wọn ní àtàrí. Ẹnìkan da omi sí wọn lẹ́nu, omi gba imú jáde. Ni ìyá ọkọ mi bá kọjú sí mi: "Uyàwó, dá òkèlè wá, kó fi tì í!" Ohun tí wọ́n máa ń ṣe bí eegun ẹja bá há èèyàn lọ́fun nìyẹn: òkèlè iyán ńlá kan, kó gbé e mì.

Mo dá òkèlè náà. Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo mọ̀ pé ohun tó máa dí ọ̀nà pátápátá ni, síbẹ̀ mo dá a, mo rọ ọ́ róbótó, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lọ, mo sì kúnlẹ̀. Ohun tí mò ń rò ni pé, bí mo bá dì mọ́ bàbá ọkọ mi níṣojú gbogbo ẹbí, kí ni wọ́n máa sọ? Bàbá kò wo òkèlè. Èmi ni wọ́n tẹjú mọ́. Ètè wọn ti ń dúdú, orúnkún wọn sì yẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo tó ju òkèlè nù. Mo tẹ̀ wọ́n síwájú, mo gbá wọn lẹ́yìn, kò jáde. Mo fi apá yí wọn ká, mo fà á. Lẹ́ẹ̀kẹta, ṣàkì fò jáde, ó bà lé agbádá àbúrò wọn. Bàbá mí kanlẹ̀.

Ìyá ọkọ mi jó yí mi ká. Dídì tí mo dì mọ́ Bàbá, ohun tí mo torí ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí èèyàn kú, kò sẹ́ni tó tiẹ̀ kà á sí.

Lẹ́yìn oṣù méjì, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n wá kọ́ àwọn ní ohun tí mo ṣe fún Bàbá. Bàbá jókòó níwájú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Obìnrin kan bi mí pé, "Tíṣà, ìgbà wo lẹ kọ́ èyí?" Mo gbéra ga, mo ní, "Ó ti pé ọdún mẹ́ta." Ẹ̀rín kúrò lójú Bàbá.

Nígbà tí mo gbé oúnjẹ ọ̀sán fún wọn lọ́jọ́ náà, wọn kò ṣí i.

"Uyàwó, ọdún mẹ́ta?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"O ti mọ̀ ọ́n nígbà tí o gbé òkèlè wá?"

Mo wólẹ̀. Mo ní ojú ló tì mí, mo rò pé àwọn èèyàn á ní n kò lẹ́kọ̀ọ́. Mo ní kí wọ́n má bínú. Wọn kò bínú. Ìbá tiẹ̀ sàn kí wọ́n bínú.

"Gbogbo wọn ló ń pariwo," Bàbá wí, "ìwọ nìkan ni mò ń wò. Mo ní, èyí tó kàwé nínú ulé yìí, kò ní jẹ́ kí n kú."