Ìran Tí Mi Ò Rí

Bí ẹ bá ti gba Aràmọ̀kọ kọjá rí lọ́jọ́ Ìsinmi, tí ẹ gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń pe iná láti ọ̀run wá bí ẹni ń pe ọlọ́kadà, èmi ni. Nínú ìjọ wa, èmi ni olórí ẹgbẹ́ aládùúrà obìnrin, èmi náà sì ni aríran. Yorùbá inú Bíbélì ni mo fi ń gbàdúrà, èdè Èkìtì ni mo fi ń bínú, Ọlọ́run nìkan ló mọ èyí tí mò ń sọ jù nínú méjèèjì.

Ní ìjọ tiwa, ọmọ kì í lọ sílé ọkọ kí wọ́n má kọ́kọ́ wádìí lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọ́n á kó orúkọ àwọn méjèèjì fún àwa aríran, a ó gbààwẹ̀, ohun tí a bá rí, akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wàhálà dé lọ́jọ́ tí orúkọ ọmọ tèmi dé iwájú mi. Ọlọ́kadà ni ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ará Ìjurìn, tó tún ní oko kòkó díẹ̀. Ọmọlúàbí ni o. Tó bá dọ̀bálẹ̀ kí mi, gbogbo iwájú ẹ̀wù rẹ̀ ló máa ń kún fún eruku. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ pé ẹnjiníà ni ọmọ mi máa fẹ́. Ẹnjiníà wo? Mi ò tíì mọ̀ ọ́n. Mo kàn mọ̀ pé ẹnjiníà ni.

Ó yẹ kí n gbé orúkọ náà fún aríran mìíràn. Ta ni mo fẹ́ gbé e fún, èmi tí mo rò pé mo ríran ju gbogbo wọn lọ? Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, mi ò rí nǹkan kan. Bí mo bá dijú, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn mi tó ya ni mò ń rò, pé ó yẹ kí n rán an. Lọ́jọ́ kẹrin, mo dìde láàárín ìjọ, mo gbọn ara jìgìjìgì, mo ní mo rí ìkòkò omi tó fọ́ kí wọ́n tó gbé e délé. Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ láàárín wa: oyún tí kò ní dúró. Akọ̀wé kọ ọ́. Àwọn èèyàn ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ọmọ mi wò mí, ó sì jáde.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ó lọ fẹ́ ọkọ rẹ̀ ní kọ́ọ̀tù láìsí èmi níbẹ̀. Ó lé lọ́dún kan tí kò fi pè mí. Ẹnu àwọn tó ń ti Ìjurìn wá ná ọjà wa ni mo ti gbọ́ pé ó ti lóyún, pé kò ju oṣù kan lọ tó máa bí. Ó dùn mí dé egungun. Kí ni mo wá ṣe? Mo gun orí òkè lọ bẹ Ọlọ́run kó yí ọkàn ọmọ mi padà. Ṣé ẹ gbọ́? Ọkàn ọmọ mi o, kì í ṣe tèmi.

Òkè àdúrà kan wà lápá Ẹ̀fọ̀n tí àwa obìnrin ìjọ máa ń gùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ lò. Lọ́jọ́ kìíní, mo pariwo débi pé àwọn tó wà lẹ́bàá mi ká ẹní wọn, wọ́n lọ wá àpáta mìíràn. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo la ẹnu, ohùn kọ̀, kò jáde. Mo ṣínu, mo mu omi gbígbóná, mo jẹ orógbó, òfo. Inú bí mi sí Ọlọ́run. Àdúrà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, àdúrà ọ̀lẹ ni lójú mi. Mo jókòó, mo dijú, mò ń kùn sínú.

Jíjókòó jẹ́ẹ́ yẹn ló kó bá mi. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ti ń wò mí láti àárọ̀, ó rò pé mo ti wà nínú ẹ̀mí. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi. Ó ní aríran ìjọ àwọn sọ pé ọkùnrin tí òun fẹ́ fẹ́ kì í ṣe ti Ọlọ́run, òun sì ti gbàdúrà títí, òun ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Mo fẹ́ ní kó lọ bá wòlíì, ohùn ò sí. Ó wá bi mí ní ohun tó gbé e gòkè.

“Màmá, ṣé aríran máa ń parọ́?”

Oòrùn ọ̀sán gangan ni, ara mi tutù. Mo ti ń gbàdúrà láti kékeré, ẹnikẹ́ni ò dúró tì mí báyẹn rí, kì í sì í ṣe ọmọbìnrin yẹn ni mò ń wí. Ẹni tí mo ti ń pariwo pè láti ọjọ́ yìí wá ti wà níbẹ̀, Ó dákẹ́, Ó ń retí ìdáhùn. Ká ní ohùn mi wà ni, mi ò bá ti wàásù. Mi ò bá ti ka ẹsẹ Bíbélì méje. Orí nìkan ló kù tí mo lè lò, mo sì fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Omi bọ́ lójú mi. Ọmọbìnrin náà dìde, ó dúpẹ́, ó ń sáré sọ̀ kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àdúrà mi ti kúrú. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní iná mi ti kú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́.

Mi ò dúró di ọjọ́ kẹta. Mo wọ takisí dé Aràmọ̀kọ, mi ò yà sílé, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìjurìn. Ọmọ mi ń sá kòkó níwájú ilé, ikùn rẹ̀ ti tóbi. Ó kí mi káàbọ̀ bí ẹni ń kí agbowó-orí, ó rò pé ìjà ni mo bá wá. Mo kúnlẹ̀ sáàárín kòkó. Mo mọ̀ pé ìyá kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n dìde, mo fà á mọ́ra, mo fi ìwọ̀nba ohùn tó ti padà sọ ọ́ sí i létí.

“Irọ́ ni mo pa. Mi ò rí ìkòkò kankan. Mi ò rí nǹkan kan.”

Mo ti retí pé á ní òun ti mọ̀ tipẹ́. Ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú ní gbogbo ìgbà yẹn nìyẹn, pé ọmọ mi mọ̀ mí, pé ìbínú lásán ló fi ń sá fún mi. Ó jókòó sílẹ̀.

“Èmi gbà yín gbọ́, màámi,” ó ní. “Ẹ ò parọ́ fún mi rí. Mi ò tíì ra aṣọ kan ṣoṣo fún ọmọ yìí.”