Àṣíborí Tó Há Mọ́ Ìkòkò Ìyá Àgbà

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀: ẹni tó bá gbé irin bo orí títí dé ọrùn, ṣé ó ṣì ń gbọ́ràn? Mo rí àwòrán jagunjagun kan nínú ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Ìkẹ́rẹ́, láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́.

Ẹ̀wù irin kò ṣòro. Mo gé agolo mílíìkì, mo tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, mo sì rán an mọ́ àpò ajílẹ̀. Àṣíborí ló kù. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró nígbà náà, fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ Ìpínlẹ̀ Òǹdó sí lórí sì kún sítọ́ọ̀ wa. Ọ̀gá wa ní kí n kó wọn lọ fi dáná. Mo kó wọn, ṣùgbọ́n mi ò dáná. Mo ya wọ́n wẹ́wẹ́, mo rẹ wọ́n sínú sítáàṣì ẹ̀gẹ́, mo wá ń wá nǹkan roboto tí màá lẹ̀ wọ́n mọ́.

Ìkòkò kan wà nílé wa. Ìyá màmá mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n, tó sì fín ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yí i ká. Nígbà tí ìyá àgbà kú, ìkòkò yẹn nìkan ni màmá mi mú nínú ẹrù rẹ̀. Ẹ̀wà gbígbẹ ló ń kó sí i, kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọ̀ ọ́. Bó ṣe lọ ṣe ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Emùré báyìí, mo da ẹ̀wà sínú abọ́, mo dorí ìkòkò kodò.

Ó yẹ kí n dúró níbi tí ikùn rẹ̀ ti tóbi jù. Ta ló fẹ́ dúró? Ti inú ìwé bo ọrùn, tèmi náà gbọ́dọ̀ bo ọrùn. Mo lẹ̀ ẹ́ títí dé ọrùn ìkòkò, mo sì sá a sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé, láàárín láfún àwọn aládùúgbò. Nígbà tó gbẹ, ó le bí igi. Mo fà á, kò bọ́. Mo mì ín, kò bọ́. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ikùn ńlá kò lè gba ọrùn tóóró jáde. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò!

Ibẹ̀ ni màmá mi bá mi, tèmi ti ẹ̀wù agolo lọ́rùn, ìkòkò láàárín ẹsẹ̀.

"Uṣẹ́ kí rèé?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó há ni."

Ó fọwọ́ pa ìdí ìkòkò rẹ̀ tí bébà ti bò. Ojú tì mí gan-an. Tí a bá fọ́ ìkòkò, àṣíborí á yọ lódindi. Mo mọ èyí tó yẹ kí n ṣe, síbẹ̀ ó dùn mí. Mo mú ọ̀bẹ, mo la àṣíborí láti etí dé etí. Ìkòkò jáde, kò sán níbì kankan. Màmá mi gbé e wọlé, ó sì da ẹ̀wà rẹ̀ padà sí i.

Lọ́jọ́ kejì mo fi awọ so ìlàjì méjèèjì pọ̀, iwájú wá ń ṣí bí ilẹ̀kùn. Mo gbé e wọ̀. Èémí ara mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ariwo agolo, lẹ́yìn náà ẹ̀rín màmá mi. Ó kàn jẹ́ pé àwọn ìlà kan ń ha mí lórí nínú rẹ̀. Mo ní màá fi ọ̀bẹ pa wọ́n rẹ́. Màmá mi wo inú rẹ̀ títí, ó ní kí n fi wọ́n sílẹ̀.

Ó tó ọdún mélòó kan kí a tó kó lọ sí ilé mìíràn. Ọjọ́ tí à ń kẹ́rù, ìkòkò náà bọ́ lọ́wọ́ màmá mi fúnra rẹ̀, ó fọ́ yángá. Kò sunkún. Ó ní kí n lọ gbé àṣíborí mi wá. Ó ṣí i, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó ń fi ìka tọ ìlà tí ìyá àgbà fín sára ìkòkò, tó ti tẹ̀ mọ́ bébà, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Yèyé mi rèé," ló wí.

Kò dá a padà fún mi mọ́.