Wáyáfáì Inú Kọ́bọ́ọ̀dù Ìyàwó Mi

Ìyàwó mi ló ra wáyáfáì ilé wa. Mo dé láti oko lọ́jọ́ kan, mo bá a tó ń wá ibi tí yóò gbé e sí. Ohunkóhun tó bá ṣọ̀wọ́n lójú rẹ̀, inú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá rẹ̀ ló ń lọ, láàárín àwọn abọ́ tánganran olódòdó tó kó wá nígbà tí mo gbé e níyàwó. Ibẹ̀ náà ló gbé e sí. Ó to abọ́ sí ọ̀tún, ó tò ó sí òsì, ó wá fi bàsíà ńlá kan dé e lórí kí eruku má baà bà lé e. Wáyà iná nìkan ló yọ jáde.

Nítorí ọmọ wa obìnrin ló ṣe rà á, èyí tó ń ṣe nọ́ọ̀sì nílùú òyìnbó. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi ń lò ó. Oríkì ara rẹ̀ ni ìyàwó mi fi ṣe páswọ́ọ̀dù, kò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá wá tọrọ iyọ̀ á gba ti wáyáfáì kún un. Ó máa ń há lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ a rò pé bẹ́ẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe.

Àárọ̀ ni ìyàwó mi kú. Àwa mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, a ti sin ín. Ọmọ wa kò lè bá a. Àbúrò ìyàwó mi wá gbé fóònù sókè kí ọmọ náà lè máa wo bí a ṣe ń gbé ìyá rẹ̀ jáde. Ẹnu ọ̀nà yàrá la dé tí àwòrán náà dúró gbagidi. Nígbà tí yóò fi mira padà, erùpẹ̀ la ti ń kó sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ mi sọ fún mi pé, “Bàbá, ìlẹ̀kùn yàrá yẹn ni mo ṣì ń rí. Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe àdúrà ogójì ọjọ́. Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi ṣàdúrà fún ìyá mi, kí gbogbo yín ṣe àmín sí i.”

Mo ní, “Wàá ṣe é.” Mo sọ ọ́ bí ẹni pé ọwọ́ mi ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà.

Mo kọ́kọ́ rò pé dátà ló tán. Mo ra òmíràn, ojú fóònù ṣì ń yí. Télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni, ló ní èrò ti pọ̀ jù lórí rẹ̀.

“Bàbá, ẹ yí páswọ́ọ̀dù yẹn padà. Mi ò ní purọ́ fún yín, èmi náà wà níbẹ̀. Ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo fi ń wò.”

“Orí wáyáfáì mùsùlùmí lo ti ń rí ẹ̀mí?”

“Bàbá, ẹ̀mí ò béèrè ẹni tó ra dátà.”

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó na ọwọ́ pé kí n gbé fóònù wá kí òun bá mi yí i, n kò gbé e fún un. Bí a bá yí i, ta ni yóò tún máa tẹ oríkì ìyàwó mi?

Mo bá mú ọ̀pá mi, mo ń yà láti ilé dé ilé. Mo mọ orúkọ gbogbo wọn, mo mọ ti bàbá tó bí wọn. N kò ní kọ ọ́ síbí, àmọ́ orúkọ ni mo fi pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bẹ ọlọ́kadà, mo bẹ àwọn ìyàwó ilé, pé kí wọ́n bá mi pa wáyáfáì fóònù wọn tí a bá fẹ́ ṣe àdúrà. Obìnrin kan tó ń yan gàrí kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

“Kí lẹ ń bẹ̀ mí sí, Bàbá? Ṣé kì í ṣe ìyá yẹn ló fún wa ni?”

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú àdúrà, gbogbo wọn pa á, mo pe ọmọ mi wò. Ó sàn díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún há, bíi ti ọjọ́ ìsìnkú gan-an. Oúnjẹ kò wọ̀ mí lẹ́nu mọ́.

Ilẹ̀ mọ́. Àwọn ààfáà ti ń jókòó sórí ẹní, ọmọ mi sì ti há sínú fóònù lọ́wọ́ mi, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi jáde láti ìdí iná.

“Ọkọ mi, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wá. Mo fẹ́ kó abọ́ tí a ó fi pín sàráà.”

“Fi ti rọ́bà pín in.”

“Rọ́bà kẹ̀? Sàráà ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé ẹ fẹ́ kó wá bá mi jà ni?”

Láti ọjọ́ tí ìyàwó mi ti lọ, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ibẹ̀. Àbúrò rẹ̀ na ọwọ́, kò gbé e sọ̀kalẹ̀. Mo fún un.

Mo jókòó sí pálọ̀, mo ń gbọ́ bí abọ́ ṣe ń kan ara wọn nínú yàrá. Bó ṣe ń kó wọn jáde, ẹnu ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í mira. Bó ṣe ṣí bàsíà kúrò lórí wáyáfáì báyìí, ojú ọmọ náà mọ́ kedere. Mo rí i pé ọmọ mi ti rù.

“Bàbá, kí lẹ ṣe sí i?”

Àbúrò ìyàwó mi dá bàsíà padà: ó há. Ó ṣí i: ó ń lọ geere. Télọ̀ yọjú, ó gbọ́, ó lu abọ́ kan, ó dún. Ó ní irin ni gbogbo wọn lábẹ́ ọ̀dà olódòdó yẹn. Àárín irin la sé nǹkan náà mọ́ látọjọ́ yìí, báwo ni yóò ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀?

A gbé e sí ojú fèrèsé. Ọmọ mi ṣe àdúrà rẹ̀ dé òpin. Ó ní kí Ọlọ́run fún ìyá òun ní ilé tó fẹ̀, nítorí àyè kì í há mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn tí mo yà kiri ilé wọn wà lórí ẹní, àmín wọn ga.

Nígbà tí èrò túká, tí wọ́n fọ abọ́ tán, mo kó wọn wọlé. Ọmọ mi kò tíì gé ìpè. Mo gbé fóònù dání, mo ṣí ìlẹ̀kùn yàrá náà, mo bá a wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to abọ́.

“Rárá, Bàbá. Èyí tó ní òdòdó pupa ló máa ń wà níwájú. Èyí tó ti bó lẹ́nu, ẹ̀yìn ni Màmá ń fi í sí.”

Mo ń tò ó bó ṣe ń sọ ọ́. Àárín ibi tí wáyáfáì wà tẹ́lẹ̀ la kò fi nǹkan sí.