Ta Ni Wọ́n Bá Níbẹ̀?

Nígbà tí ojú bàbá mi kò lè kàwé mọ́, èmi ni mo di ojú wọn. Bí mo bá ti ti ibi iṣẹ́ dé láti Surrey Quays, tí a kírun Àṣàrì tán, wọn á jókòó ti fèrèsé fláàtì wa ní Peckham, ní London, wọn á ní, "Ó yá, ibo la dé?"

Ìwé tí mo yá ní láíbìrì ni, ìtàn ọkùnrin Amẹ́ríkà kan láyé àtijọ́, ọdẹ inú igbó tó di ológun, tó tún wá di òṣèlú. Bàbá ti mọ ìtàn rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni pé ẹbí wa ni. Èmi a ka Gẹ̀ẹ́sì sínú, màá sọ ọ́ jáde ní Yorùbá, wọn a ní Yorùbá mi ti tutù bí tíì àná. Ìdùnnú tó kù fún wọn lójúmọ́ nìyẹn, mi ò fẹ́ kí nǹkan kan bà á jẹ́.

Lọ́jọ́ kan, mo kan ojú ewé kan tó burú. Ọkùnrin wa kó ọmọ ogun lọ bá àwọn onílẹ̀, ó jó ilé wọn, ó lé tọmọdé tàgbà sínú òtútù. Mo wo Bàbá, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu wọn. Mo fo ibẹ̀, mo ní, "Ó wá tẹ ìlú dó síbẹ̀."

"Ta ni wọ́n bá níbẹ̀?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká dúró síbí, mo ní early shift lọ́la."

"Mo gbọ́ ìró bébà lẹ́ẹ̀mejì. Ojú mi ló kú, etí mi ò kú."

Ojú tì mí gan-an. Mo padà, mo kà á láì fo ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu wọn, inú bí mi sí ìwé náà.

"Má bínú," ni wọ́n wí. "Ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ bí a ṣe ń fo ìtàn."

Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún mi nípa baba ńlá wa, jagunjagun tó tẹ àdúgbò wa dó nílé. Èmi náà ti fi yangàn fún àwọn ọmọ mi.

"Ilé mẹ́rin ni baba ńlá wa bá níbẹ̀, ó sì lé àwọn tó ni wọ́n lọ," ni Bàbá wí. "Bàbá mi ló sọ ọ́ fún mi. Èmi ni mo fò ó fún ọ."

Wọ́n ní kí n pe àwọn ọmọ wá. Wọ́n ṣì rántí orúkọ àwọn tó ni ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.