Àpótí Olóògbé Tó Ń Yege Lójoojúmọ́

Kùrukùru ni mo kọ́kọ́ máa ń rí láàárọ̀ nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ láti ilé ìyá mi ní Èrìò. Á sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Ẹ̀fọ̀n, á bo òrùlé àdúgbò, títí igi kòkó ẹ̀yìnkùlé wa á fi dà bí àwọn ènìyàn tó dúró tí wọn ò fẹ́ wọlé. Èmi á jókòó ti kọ̀ǹpútà mi lẹ́bàá fèrèsé, inú mi á máa dùn pé iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni láàárín ìlú kò lè ṣàlàyé ni mò ń ṣe.

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ náà kò ṣòro láti sọ. Ilé-iṣẹ́ wa ń bá àwọn ilé ìwòsàn tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn. A kì í kó o sí ọ́fíìsì. Ààyè la háyà lórí kọ̀ǹpútà àwọn ẹlòmíràn ní ọ̀nà jíjìn, èyí tí àwa òṣìṣẹ́ ń pè ní kíláòdù. Àpótí là ń pe ibi ìkó-nǹkan-sí kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Èmi ni mo kọ ètò tó ń yẹ gbogbo àpótí wò láràárọ̀, bóyá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi ń wọlé, wà lọ́wọ́ àwọn tí òfin gbà láàyè nìkan. Èsì méjì péré ni mo fún un: "Ó yege" àti "Ó kùnà." Mo kọ ọ́ sínú kóòdù, àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, pé èyí tí kò bá ti kùnà, kí ó yege. Ojú ìwé èsì á jẹ́ aláwọ̀ ewé láti òkè délẹ̀, ọ̀gá mi obìnrin á ní mo ṣeun, èmi náà á sì rò pé ọ̀dọ̀ mi ni ọgbọ́n pin sí.

Lọ́jọ́ kan, mo ń wo orúkọ àwọn tó ń wọ àwọn àpótí náà. Ọ̀kan wà tó ń yege lójoojúmọ́, tí ẹnìkan ṣoṣo sì ń wọ ọ́ ní aago méjì ọ̀sán. Orúkọ tó wà níbẹ̀ ni ti ẹlẹgbẹ́ mi tí a sin ní Ìkòrò ní nǹkan bí oṣù márùn-ún ṣáájú. Mo wà níbi ìsìnkú náà. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi bu yẹ̀pẹ̀ sí i.

Mo dúró di aago méjì. Orúkọ rẹ̀ wọlé. Ó lo ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó jáde.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá ìyàwó rẹ̀, mo rò pé ará ilé kan ló ń lo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó mú mi wọ yàrá. Kọ̀ǹpútà náà wà lábẹ́ ibùsùn, wọ́n fi ìró wé e, eruku sì ti bò ó. Ó ní láti ọjọ́ ikú, kò sẹ́ni tó tú u. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo rí, kò sunkún. Ó bi mí wẹ́rẹ́ pé, "Ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni?"

Mo ní n óò wádìí.

Ìyá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, ni mo rò ó fún nígbà tí mo délé. Kò tilẹ̀ bi mí nípa òkú. Ó bi mí pé báwo ni ètò mi ṣe ń mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ó máa ń bi àpótí náà. Ó ní bí kò bá dáhùn ńkọ́?

"Bí mo bá pe orúkọ ní kíláàsì tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́," ó ní, "ṣé kí n kọ ọ́ pé ó wá?"

Mo padà sídìí kóòdù mi. Àpótí yẹn kò dá ètò mi lóhùn rí. Nítorí pé kò sọ pé òun kùnà, èmi ni mò ń bá a sọ pé ó yege. A kò gba kọ́kọ́rọ́ olóògbé padà, ẹnìkan sì ti rí i níbì kan, ó ń fi orúkọ òkú wọlé lọ ka àìsàn àwọn alààyè. Mo fi èsì kẹta kún un: "A kò mọ̀." Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àpótí mìíràn bíi mẹ́sàn-án ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá mi. A kọ̀wé sí àwọn ilé ìwòsàn, ó sì ní kí èmi fúnra mi pa orúkọ ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́. Kọ̀ǹpútà bi mí bóyá ó dá mi lójú. Ó pẹ́ kí n tó tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni." Fún ọjọ́ méje lẹ́yìn náà, ní aago méjì ọ̀sán, ẹnìkan ṣì ń fi orúkọ náà kan ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kẹjọ, kò sí nǹkan.

Ọdún díẹ̀ ti kọjá. Àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mi ò gba ìdákẹ́ sí ìdáhùn mọ́. A kò mọ ẹni tó ń lo orúkọ náà títí dòní. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo ń rò jù. Mo pe ìyàwó olóògbé nígbà náà, mo ní olè ni, kì í ṣe ọkọ rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ ọkọ rẹ̀ fún.