Gẹ̀ẹ́sì Tí Sèlíátù Gbọ́ n'Ídìí-Àgbọn

Ẹni tó bá dúró sí etí ọ̀sà lẹ́yìn Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ lọ́dún 1959 yìí, tó sì ń wo ọ̀kánkán, yóò rí erékùṣù kékeré kan tí wọ́n kun ilé ibẹ̀ ní funfun. Ẹ bi ọmọdé tó bá wà nítòsí. Yóò sọ fún yín pé ibi fàájì àwọn òyìnbó ni, pé ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń dé, pé wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ń nà gbalaja sórí yanrìn nínú oòrùn bí ẹja tí wọ́n sá. Ibi tó mọ̀ ọ́n dé nìyẹn. Kò mọ̀ pé ibẹ̀ ní orúkọ. Ìdí-Àgbọn là ń pè é kí ẹnikẹ́ni tó kun ohunkóhun ní funfun níbẹ̀, imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n sì fi bo ilé ibẹ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n bí Sèlíátù sí. Apẹja ni Súbérù Àjàlá, bàbá rẹ̀. Ibẹ̀ ni bàbá Súbérù náà ti pẹja títí ó fi kú, wọ́n sì sin ín sẹ́yìn ilé. Ilé mẹ́ta péré ló wà lórí erékùṣù náà. Kúbúrá, ìyá Sèlíátù, ló ń yan ẹja tí ọkọ rẹ̀ bá pa, tó sì ń gbé e lọ tà ní Ọjà Olúwo. Ohun kan ṣoṣo ni Súbérù máa ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run lẹ́yìn ìrun, kì í sì í fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni: kí òun dàgbà sí Ìdí-Àgbọn, kí wọ́n sì sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá òun.

Bí Sèlíátù bá ń rántí ìgbà èwe rẹ̀, omi ló máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ó ti mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ kó tó mọ bí a ṣe ń wọ aṣọ. Nígbà ọyẹ́, tí omi bá fà, àwọn ọmọ ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á rìn wọ inú ọ̀sà lọ jìnnà, omi kò ní ju orúnkún lọ, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ wá ìṣáwùrú nínú ẹrẹ̀. Nígbà òjò, wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa tẹ́tí sí àgbọn tó ń já, ẹni tó bá kọ́kọ́ sáré débẹ̀ ló ni ín. Èéfín ẹja Kúbúrá kì í jẹ́ kí ẹ̀fọn sún mọ́ wọn. Kì í ṣe pé ayé rọrùn o. Ebi ń pa wọ́n nígbà mìíràn, ọmọ mẹ́ta ló sì kú mọ́ Kúbúrá lọ́wọ́ kí Sèlíátù tó dúró. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀.

Súbérù fẹ́ràn àlejò ju bó ṣe yẹ lọ. Bí atẹ́gùn bá da ọkọ̀ ẹnikẹ́ni sọ́dọ̀ rẹ̀, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ jẹun kó tó lọ. Bí àlejò náà bá wá yin ilé, tàbí tó yin ọkọ̀ tuntun, Súbérù á ní, "Tiyín ni." Gbogbo wa náà là ń sọ bẹ́ẹ̀. Àlejò á ní aṣọ yìí mà dára, aláṣọ á ní tiyín ni. Àlejò á rẹ́rìn-ín, á dúpẹ́, á sì gba ilé tirẹ̀ lọ. Èmi kò tíì rí ọmọ Yorùbá tó torí ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ aṣọ lọ́rùn ẹlòmíràn.

Nígbà tí Sèlíátù pé ọmọ ọdún mẹ́fà, Súbérù ní ilé ìwé ni òun máa fi í sí. Àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní kí ni ọmọ obìnrin apẹja fẹ́ fi ìwé ṣe, ṣé ẹja ló fẹ́ kọ lẹ́tà sí ni? Àràárọ̀ ni Súbérù ń wa ọkọ̀ gbé ọmọ rẹ̀ kọjá sí Ẹ̀pẹ́, ìrọ̀lẹ́ ló ń lọ gbé e. Ọmọ náà sì mú Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni mu omi. Inú Súbérù dùn débi pé ó di àrùn sí i lára. Bí ọkọ̀ kan bá ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀, á pè é, á ní kó wá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Á ní kí Sèlíátù sọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ á wú, á máa wo ẹnu ọmọ náà títí tó fi máa sọ ọ́ tán.

Ọdún 1952 ni àwọn òyìnbó mẹ́ta dé, Sèlíátù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan l'Ékòó ni wọ́n ti wá. Wọ́n ń wá ibi tí àwọn ọ̀gá wọn lè máa lọ sinmi ní òpin ọ̀sẹ̀. Akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Ọláṣẹ́gun, ọmọ Ìkòròdú, ló tẹ̀ lé wọn pé kó máa túmọ̀ ọ̀rọ̀. Súbérù tẹ́ ẹní fún wọn, ó ní kí Kúbúrá gbé ẹja yíyan wá, ó ní kí wọ́n gé àgbọn. Nígbà tí Ọláṣẹ́gun wá fẹ́ la ẹnu láti túmọ̀, Súbérù nawọ́ sí i, ó ní kó sinmi, ọmọ òun wà níbẹ̀. Ẹ wo ìgbéraga tó ba tèèyàn jẹ́.

Òyìnbó tó dàgbà jù yí ojú ká, ó ní ibẹ̀ dára púpọ̀, ó bèèrè ẹni tó ni ín. Sèlíátù túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá rẹ̀ láìfi ọ̀kan sílẹ̀.

Súbérù rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Sọ fún wọn pé tiyín ni."

Sèlíátù dúró ṣánṣán, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ìwé, ó sì sọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ti wọn ni. Gẹ̀ẹ́sì náà já gaara, kò sí ibi tó ti ta kókó. Àwọn òyìnbó wo ara wọn lójú. Wọ́n bèèrè bóyá òótọ́ ni bàbá rẹ̀ ń sọ. Súbérù ní òótọ́ ni kẹ̀, ṣé òun máa ń ṣe àwàdà pẹ̀lú àlejò ni? Sèlíátù túmọ̀ ìyẹn náà.

Ẹni tí inú fi ń bí mi jù ni Ọláṣẹ́gun. Ọmọ Ìkòròdú ni, ó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ojoojúmọ́ ni ìyá rẹ̀ nílé ń wí fún àlejò pé tiyín ni. Ó mọ̀. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ ẹja Kúbúrá, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó ní kí Súbérù fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó ní àṣà àwọn òyìnbó ni láti kọ orúkọ ẹni tó bá ṣe wọ́n lálejò sílẹ̀. Súbérù tẹ̀ ẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n fi àpò ìrẹsì kan àti páálí ṣúgà kan ránṣẹ́ sí i, òun náà sì di apẹ̀rẹ̀ ẹja kan padà fún wọn, torí kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ahun.

Lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ dé. Wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀ yí erékùṣù náà ká, wọ́n sì ní kí àwọn onílé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wábi gbà. Súbérù kọ́kọ́ rò pé wọ́n ṣìnà ni, ó bá wọn júwe ọ̀nà. Ìgbà tí ó yé e, ó sáré lọ bá Bísíríyù, ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di lọ́yà. Bísíríyù yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Ó ní kí Súbérù sọ fún adájọ́ pé ọmọdé ni Sèlíátù, pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ì tíì dá ṣáṣá, pé ó ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní bí wọ́n bá gba ìyẹn gbọ́, ìwé náà bàjẹ́ nìyẹn. Sèlíátù ló fèsì. Ó ní kí wọ́n pe òun ní òpè, kí wọ́n pe òun ní ohunkóhun tó bá wù wọ́n, kí wọ́n ṣáà dá ilé padà fún wọn.

Ìkòròdú ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ni wọ́n wọ̀ láti Ẹ̀pẹ́, Súbérù wọ agbádá tó fi ń kírun Ọdún. Nígbà tó dúró níwájú adájọ́, lọ́yà ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bi í nípa ọmọ rẹ̀. Ó bi í ipò tó ń ṣe ní kíláàsì. Súbérù ní ipò kìíní ni. Ó bi í ọdún mélòó ló ti fi ń gbé e lọ sílé ìwé. Ó sọ ọ́. Lọ́yà náà wá rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé pé pẹ̀lú gbogbo wàhálà yẹn, òpè ni ọmọ náà, àbí? Ó ní kí Súbérù sọ ọ́ fún kóòtù: ṣé àṣìsọ ni ọmọ rẹ̀ sọ lọ́jọ́ náà?

Sèlíátù jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń gbàdúrà pé kí bàbá òun sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Súbérù yíjú wò ó, ó pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi kò ṣì í sọ. Ohun tí mo ní kó sọ náà ló sọ."

Ó wá ń gbìyànjú láti ṣàlàyé. Ó ní àlejò ni wọ́n, ó ní kí ni ọmọlúàbí á tún sọ fún àlejò? Gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà nínú kóòtù ló bú sẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ náà yé wọn. Ògbufọ̀ tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún adájọ́ pàápàá rẹ́rìn-ín. Adájọ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bèèrè lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá Súbérù sọ pé ti wọn ni tàbí kò sọ ọ́, Súbérù ní òun sọ ọ́, adájọ́ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ padà, Sèlíátù sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Bàbá rẹ̀ ní, "Ṣé kí n dúró láàrin ọ̀pọ̀ èèyàn, kí n pe ọmọ tí mo bí ní òpè?"

Ó ní, "Ìbá sàn kí ẹ pè mí bẹ́ẹ̀, Bàbá."

Èmi náà gbà pé ìbá sàn. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo bí i.

Wọ́n kó lọ sí yàrá kan lẹ́yìn Ọjà Olúwo. Àwọn òyìnbó fi okùn pààlà sínú omi, kò sí apẹja tó gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Súbérù ń bá àwọn ẹlòmíràn tún àwọ̀n ṣe, kò sì tún pe ẹnikẹ́ni pé kó wá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kúbúrá yọ Sèlíátù kúrò nílé ìwé, ó ní èyí tó gbọ́ náà ti tó. Kò nà án, kò bú u. Ó kàn ṣíwọ́ bíbá a sọ̀rọ̀ ju ohun tí iṣẹ́ bá mú wá lọ. Ọmọ ọdún méjìlá ni ọmọ náà o, ó sì gbà pé ohun tó tọ́ sí òun ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni ikọ́ mú Súbérù nínú ọyẹ́, kò sì tún dìde mọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, ó pe Sèlíátù sún mọ́ ọn. Ó ní, "Ìwọ lo gbọ́ èdè wọn. Bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n jẹ́ kí n sùn ti bàbá mi." Kò pẹ́ sígbà náà ló dákẹ́. Òkú Mùsùlùmí kì í dúró, wọ́n gbọ́dọ̀ sin ín lọ́jọ́ náà. Sèlíátù wọ ọkọ̀, ó ń wà á lọ sí Ìdí-Àgbọn, ìgbà àkọ́kọ́ láàrin ọdún márùn-ún.

Ó wá ẹ̀yìn ilé wọn tì. Wọ́n ti da sìmẹ́ńtì sí gbogbo ibẹ̀. Tábìlì mẹ́rin ló wà lórí sìmẹ́ńtì náà, pẹ̀lú ìgò bíà tí wọn kò tíì kó. Ó fojú díwọ̀n rẹ̀ láti ìdí igi àgbọn kan tí wọn kò gé, ó sì mọ tábìlì tó wà lórí bàbá àgbà rẹ̀.

Ọ̀gá tó ń bójú tó ibẹ̀ jáde sí i. Sèlíátù kò tíì sọ Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ tó ti kúrò nílé ìwé, ó rò pé ó ti sọnù. Kò sọnù. Gbogbo rẹ̀ ló wá, létòlétò. Ó sọ ti bàbá rẹ̀, ó sọ ti sàréè, ó ní ilẹ̀ tó gùn tó èèyàn kan péré ni àwọn ń tọrọ, àwọn kò ní í sàmì sí i. Ọ̀gá náà gbọ́ ọ délẹ̀, kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní ó dun òun. Ó ní àlejò ń bọ̀ lọ́la, kò ṣeé ṣe. Lẹ́yìn náà ló ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dára gan-an, ó bi í ibi tó ti kọ́ ọ, ó sì bi í bóyá ó ń wá iṣẹ́.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n sin Súbérù sí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, láàrin àwọn tí kò mọ̀ rí. Nígbà tí Sèlíátù sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà fún ìyá rẹ̀, ó rò pé yóò tutọ́ sílẹ̀ ni. Kúbúrá ní kó lọ gbà á. Wọ́n ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ tán ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Sèlíátù sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Sátidé. Òun ló ń nu àwọn tábìlì.